Ẹni Tó Ń Yọ̀

Firíìjì ni mo ń tún ṣe ní Kúbúwà,
lẹ́yìn ilé epo, lábẹ́ igi dógóyárò.
Ọdún kẹtàlá rèé tí mo ti ń fi ọ̀bẹ tó kú
ha yìnyín lára irin,
tí mo ń dà á sílẹ̀ fún àwọn adìyẹ aládùúgbò.
Wọ́n á ṣá a jẹ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á gbọnrí, wọ́n á sá lọ.

Ṣùgbọ́n èyí tí mo mọ̀, inú àpótí ló ń gbé.
Ó ní ìlẹ̀kùn. Ó ń bẹ Nẹ́pà kó tó lè dì.
Mo fẹ́ rí èyí tí kò ní ìlẹ̀kùn,
tó hó bo òkè bí ọṣẹ,
tí wáyà kankan kò kàn.

Jọ́jíà là ń lọ. Kì í ṣe ti Amẹ́ríkà o,
Jọ́jíà kejì, tó wà lẹ́yìn Tọ́kì.
Oṣù kejì ọdún tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́.
Àwa mẹ́ta ni: èmi; Terhemba télọ̀,
tó ń fi aṣọ ìbora àlòkù rán kóòtù fún wa,
tó ní ká má ra ti òyìnbó, owó ẹ̀ mú ju òtútù lọ;
àti Làráì, akọ̀wé owó ní ilé ìwòsàn kan ní Gwàrìnpá,
tó fi gègé pupa pín ìyà wa sí ìlà-ìlà:
owó ọkọ̀ òfuurufú, tí ń gòkè ní gbogbo ọjọ́ Ajé;
owó físà;
owó pátákó tí a óò háyà;
owó olùkọ́;
owó ẹni tó bá kán.
Mo ní, “Làráì, kí lèyí tó gbẹ̀yìn yìí?”
Ó ní, “Jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá kọ ọ́ sílẹ̀ kì í sábà kán.”

Ní Sátidé mo lọ ra pákó ní Déì-Déì.
Gbẹ́nàgbẹ́nà wọ̀n ọ́n títí, ó gbójú sókè:
“Bẹ́ẹ̀dì ọmọ ni, àbí ṣẹ́ẹ̀fù?”
Mo ní, “Ti ìṣubú ni.”
Ó gba owó mi, kò kà á.

Ọyẹ́ ti dé. Ojú ọ̀run funfun bí ojú aláìsàn.
A gbé pákó gun òkìtì yanrìn
tí kọngílá kan fi sílẹ̀ sá lọ ní Dáwákì,
a fi òrí pa á nídìí.
Mo dúró lé e, orúnkún títẹ̀, apá nínà
bí lékeléke tó gbàgbé bí wọ́n ṣe ń fò.
Terhemba tì mí.
Ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ni mo rìn. Yanrìn kún mi lẹ́nu.
Àwọn ọmọ Gbàgyí tó ń da ewúrẹ́ ń pàtẹ́wọ́;
ọ̀kan nínú wọn gba pákó, ó jókòó lé e,
ó yọ̀ dé ìsàlẹ̀ láìwẹ̀yìn.
Kò sẹ́ni tó bi í ní físà.

Ìyá mi pè láti Òkèhò.
“Adégbìtẹ́, wọ́n ní o fẹ́ lọ ṣubú lókè òkun.”
“Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi.”
“Wọ́n á sanwó fún ọ?”
“Èmi ni n ó sanwó.”
Ó dákẹ́, káàdì ń jó.
“Kò wá síbi tó o ti lè ṣubú lọ́fẹ̀ẹ́ nílé ni?”

N kò mọ bí mo ṣe fẹ́ là á yé e
pé èdè tó fi tọ́ mi gan-an ló kọ́ mi:
yìnyín ń yọ́, ilẹ̀ ń yọ̀, ọmọ ènìyàn ń yọ̀.
Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀ àti ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń yọ̀,
bí o bá wà lókèèrè,
o kò lè fi ohùn dá wọn mọ̀.

Físà kò tíì jáde.
Lóru àná, mo ṣí fírísà ẹlẹ́ja kan tí wọ́n gbé wá,
mo gbé odindi yìnyín kan sílẹ̀ẹ́lẹ̀,
mo bọ́ bàtà, mo gun orí ẹ̀.
Mo ka ení, èjì. Mo dé mọ́kàndínlógún.
Àtẹ́lẹsẹ̀ mi ń kú lọ.
Nígbà náà ni iná lọ. Mo ń gbọ́ ọ nínú òkùnkùn
bó ṣe ń yọ́ lábẹ́ mi, díẹ̀díẹ̀,
tó ń wá ọ̀nà lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn,
n kò sì tíì fẹ́ sọ̀.